Ibùdó Ọkọ̀ Ojú Irin Wembley àti Ilẹ̀kùn Ààfin Ìkéré

Àsọyé fún gbogbo ènìyàn

Ohun tí a fi lé mi lọ́wọ́ láti sọ̀rọ̀ lé lórí ni ibùdó ọkọ̀ ojú irin kan tí a ti pa tì, ní ojú ọ̀nà kan tí a ti hú irin rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ẹlòmíràn nínú yín bi ara rẹ̀ léèrè pé, Kí ni ó kan àwa ará Èkìtì nínú irú ọ̀rọ̀ báyìí, níwọ̀n ìgbà tí ojú irin kan kò gba ilẹ̀ wa kọjá rí? Ìbéèrè náà tọ́, ó sì yẹ kí a dáhùn rẹ̀. Wembley, lẹ́bàá ìlú London, ni ibùdó náà wà. Ìpàtẹ ńlá tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe níbẹ̀ ní ọdún 1924 ni ó mú kí wọ́n kọ́ ọ. Ìpàtẹ yìí kan náà ni ó sì mú kí ilẹ̀kùn ààfin Ògògà kúrò ní Ìkéré, kí ó sì sọdá òkun. Ibùdó náà ti parẹ́. Ilẹ̀kùn náà wà títí di òní olónìí. Ìdí tí ọ̀kan fi parẹ́ tí èkejì fi wà ni mo fẹ́ kí a jọ wádìí.

I. Ìrìn Àwọn Baba Wa

Ní ọdún 1896 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ojú irin láti Ìddó ní Èkó wá sí òkè. Ó dé Ìbàdàn kí ọdún 1900 tó parí, a sì ṣí i fún èrò ní oṣù kẹta ọdún 1901. Ní ọdún 1907 ó dé Òṣogbo. Bí ó ti dé ibẹ̀, ìhà àríwá ni ó kọjú sí; ó gba Ọ̀fà àti Ìlọrin lọ sí Jẹ́bà ní etí odò Ọya, kò sì yà sí ọ̀dọ̀ wa. Nítorí náà Òṣogbo di ẹnu ọ̀nà ayé fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ará Èkìtì. Ẹni tí ó ní kòkó tàbí èkùrọ́ láti tà, orí ni ó fi ń rù ú, tàbí kí ó bẹ aláàárù; wọn a gba ọ̀nà igbó kọjá ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, wọn a sùn lọ́nà, wọn a tún dìde, títí wọn yóò fi gbọ́ fèrè ọkọ̀ ilẹ̀. Iyọ̀, aṣọ àti irin ni wọ́n sì ń rù padà wálé. Lẹ́yìn èyí ni mọ́tò akẹ́rù dé, tí ẹsẹ̀ sì sinmi.

Mo mẹ́nu kan èyí kí a lè mọ̀ pé ní ìgbà tí àwọn ènìyàn ń fi iná àti omi gbígbóná wa ọkọ̀ ní ilẹ̀ mìíràn, èjìká àti orí ènìyàn ni ọkọ̀ tiwa. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí pé a óò tún bá a pàdé lára igi.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé òkè òkun nìkan ni a ti ń hú ojú irin. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1902 ni ìjọba ṣí ọ̀nà irin kékeré kan ní Èkó, tí ó ti ibùdó ńlá Ìddó kọjá lórí afárá Carter wọ erékùṣù Èkó. Ìbú ọ̀nà náà, láti irin kan dé èkejì, jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 2 àti íǹṣì 6. Bẹ́ẹ̀ ni ti ọ̀nà ńlá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 3 àti íǹṣì 6, tí ó fi jẹ́ pé ọkọ̀ èyí kò lè gun ti èyíinì. Owó tí ń wọlé kò tó owó tí ń jáde. Nígbà tí ọdún 1913 parí, a dá èrò gbígbé dúró. Láti ìgbà náà, ẹ̀gbin ìgbọ̀nsẹ̀ ìlú ni ọ̀nà náà ń kó títí di ọdún 1933, lẹ́yìn èyí tí a pa á rẹ́. Lónìí ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ni ó ń rin ibi tí ọkọ̀ náà ti ń dúró, tí wọn kò sì mọ̀ pé ibùdó ni wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀.

II. Ibùdó Wembley

Ẹ jẹ́ kí a wá lọ sí Wembley. Lẹ́yìn ogun ńlá tí ó parí ní ọdún 1918, àwọn Gẹ̀ẹ́sì pinnu láti ṣe ìpàtẹ kan, níbi tí gbogbo ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ ọba wọn yóò ti kó ọjà àti iṣẹ́ ọwọ́ wọn wá fún àfihàn. Wọ́n mọ̀ pé èrò yóò pọ̀ bí iyanrìn. Nítorí náà ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin tí à ń pè ní London and North Eastern Railway tẹ́ ẹ̀ka ọ̀nà kan láti ara ọ̀nà rẹ̀ tí ó ti Marylebone ní àárín London wá. Ẹ̀ka yìí kì í ṣe ọ̀nà tí ń lọ tí ń bọ̀. Ó rí bí òrùka: ọkọ̀ yóò gba ẹ̀gbẹ́ kan wọlé, yóò dúró ní ẹ̀bá pèpéle kan ṣoṣo, èrò yóò sọ̀kalẹ̀, ọkọ̀ yóò sì gba ẹ̀gbẹ́ kejì jáde padà sí ọ̀nà ńlá. Kò sí pé a ń yí orí ọkọ̀ padà, kò sì sí pé ọkọ̀ méjì pàdé ara wọn. Ẹni tí ó ti rí bí àwọn oníjó ti ń yí agbo po, tí ẹni iwájú kì í dí ẹni ẹ̀yìn lọ́wọ́, yóò tètè mọ ọgbọ́n tí ó wà nínú rẹ̀.

Ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 1923 ni a ṣí ibùdó náà. Ọjọ́ yìí gan-an ni a kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù àṣekágbá fún ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní pápá ìṣeré tuntun tí ó wà lẹ́bàá rẹ̀. Àwọn tí a kà wọlé lé ní 126,000, àwọn tí a kò kà sì tún ya wọ inú pápá, títí ọlọ́pàá fi fi ẹṣin tì wọ́n sẹ́yìn kí àwọn agbábọ́ọ̀lù lè rí ilẹ̀ tẹ̀.

Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹrin ọdún 1924, Ọba George Karùn-ún ṣí ìpàtẹ náà, rédíò sì gbé ohùn rẹ̀ lọ sí ibi gbogbo ní ilẹ̀ náà. A ṣe é ní ọdún 1924, a sì tún ṣe é ní ọdún 1925. Iye ìgbà tí ènìyàn wọ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ nínú ọdún méjèèjì tó mílíọ̀nù 27. Nínú ọgbà ìpàtẹ náà pàápàá a tún rí ọ̀nà irin mìíràn tí ó jẹ́ ìyanu fún àwọn tí ó rí i. Ọkọ̀ kékeré 88 ni ó ń rìn lórí rẹ̀, wọn kò sì ní awakọ̀ kankan. Ọ̀pá irin gígùn tí ara rẹ̀ lọ́ bí ti skúrù ni ó ń yí ní àárín ọ̀nà, tí ó sì ń tì wọ́n lọ. Níbi tí ìlọ́ náà bá ti súnmọ́ ara wọn, ọkọ̀ a máa rọra fà bí ìgbín, èrò a sì wọlé tàbí kí ó jáde. Níbi tí ìlọ́ náà bá ti jìnnà síra, ọkọ̀ a máa sáré. Wọn kì í dúró rárá, nítorí náà ni a fi ń pè é ní ọkọ̀ tí kì í dúró. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìpàtẹ parí, ọkọ̀ tí kì í dúró náà dúró, a sì tú u palẹ̀.

Èmi kò ní fi ẹ̀gbẹ́ kan hàn yín kí n fi èkejì pamọ́. Àwọn tí wọ́n sọ̀kalẹ̀ ní ibùdó náà láti wo ilé tí a kọ́ ní àwòrán ìlú olódi ilẹ̀ Hausa, níbi tí a pàtẹ ọjà Nàìjíríà, Gold Coast àti Sierra Leone sí, kì í ṣe ọjà nìkan ni wọ́n wò. A mú àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà lọ síbẹ̀, èrò sì ń wò wọ́n bí ẹni ń wo eré. Àwọn ìwé ìròyìn kan ní London tilẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀gàn nípa wa. Ládípọ̀ Ṣólańkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta tí ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ òfin níbẹ̀, kò dákẹ́. Ó kọ̀wé láti tako irú irọ́ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1924 kan náà ó bá àwọn mìíràn dá ẹgbẹ́ ìlọsíwájú Nàìjíríà sílẹ̀, ní oṣù kẹjọ ọdún 1925 ni a sì dá ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà sílẹ̀, tí gbogbo ayé mọ̀ sí WASU. Báyìí ni ìwọ̀sí ṣe di ohun tí ó jí ọ̀pọ̀ ọmọ wa lójú oorun.

Kí ni ó wá dé bá ibùdó náà? Lẹ́yìn ìpàtẹ kò ní iṣẹ́ ojoojúmọ́ mọ́. Ọjọ́ tí bọ́ọ̀lù ńlá bá wà, tàbí ohun ìwòran mìíràn, ni a ń ṣí i. Àwọn ọjọ́ yòókù a máa wà ní dídákẹ́, bí ojúbọ tí a kì í ṣí àfi ọjọ́ ọdún. Nígbà tí ó yá, mọ́tò àti bọ́ọ̀sì pọ̀ sí i, àwọn ibùdó mìíràn tí kò jìnnà síbẹ̀ sì ń gba èrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ 18 oṣù karùn-ún ọdún 1968, tí í ṣe ọjọ́ àṣekágbá ife-ẹ̀yẹ, ni ọkọ̀ dé ibẹ̀ kẹ́yìn. Ní ọdún 1969 a kéde pé a ti pa á tì, a sì hú irin rẹ̀. Ọjọ́ àṣekágbá ni ó fi bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ àṣekágbá ni ó fi parí. Pápá ìṣeré tí ó wà lẹ́bàá rẹ̀ náà kò pẹ́ títí: a wó o palẹ̀ tán ní ọdún 2003, a sì ṣí òmíràn ní ipò rẹ̀ ní ọdún 2007.

Ohun kan ṣì kù tí ó yẹ kí ẹ gbọ́. Ní ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀, orúkọ ibùdó náà ni Wembley Stadium. Bí ọmọ yín kan bá lọ sí London lónìí, tí ó bá wọ ọkọ̀ ní Marylebone, tí ó sì sọ̀kalẹ̀ ní ibi tí a kọ Wembley Stadium sí, kì í ṣe ibùdó yìí ni ó dé. Ibùdó mìíràn ni, tí à ń pè ní Wembley Hill tẹ́lẹ̀ rí, tí a fi orúkọ olóògbé náà fún. A hú irin rẹ̀, a sì tún mú orúkọ rẹ̀ lọ.

III. Ilẹ̀kùn Ògògà

Ní àkókò tí a ń kọ́ ibùdó náà, ilẹ̀kùn aláwẹ́ méjì kan wà ní ààfin Ìkéré. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ni ó gbẹ́ ẹ, láàárín ọdún 1910 sí 1914 tàbí ní àyíká rẹ̀. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni a ti bí Ọlọ́wẹ̀, ṣùgbọ́n Ìsẹ̀ ni ó gbé, ní ààfin Arínjalẹ̀ ni ó sì ti jẹ́ ẹmẹsẹ̀ kí òkìkí iṣẹ́ rẹ̀ tó kàn dé ọ̀dọ̀ àwọn ọba mìíràn. Ó kú ní àyíká ọdún 1938.

Ohun tí ó gbẹ́ sí ara ilẹ̀kùn náà ni ọjọ́ tí Ògògà gba Captain Ambrose ní àlejò, ẹni tí í ṣe ajẹ́lẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ń káàkiri ìhà yìí ní nǹkan bí ọdún 1900. Ní awẹ́ kan Ògògà jókòó lórí àga rẹ̀ pẹ̀lú adé, olorì sì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ní awẹ́ kejì òyìnbó náà ń bọ̀, kò fi ẹsẹ̀ rìn, kò sì sí nínú ọkọ̀. Àwọn ènìyàn ni wọ́n gbé e rù. Àwọn aláàárù sì wà pẹ̀lú ẹrù lórí. Èyí ni mo wí pé a óò tún bá pàdé lára igi. Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ ọ̀nà ìrìnnà ilẹ̀ wa bí ó ti rí gan-an kí mọ́tò tó dé: ẹni tí a ń gbé, àti àwọn tí ń gbé e. Ó gbẹ́ wọn jáde kúrò lára pákó tó bẹ́ẹ̀ tí orí àwọn kan nínú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dá dúró fúnra rẹ̀. Ọba kò dìde. Ẹni tí ó bá wo ilẹ̀kùn náà yóò mọ ẹni tí ó ni ilé àti ẹni tí í ṣe àlejò.

Ilẹ̀kùn yìí ni a mú lọ sí ìpàtẹ Wembley ní ọdún 1924. Kò sí ojú irin tí yóò gbé e kúrò ní Ìkéré. Ìrìn tí àwọn baba wa ń rìn ni ó kọ́kọ́ rìn. Nígbà tí ó dé ọ̀hún, ẹnu ya àwọn tí ó mọ iṣẹ́ ọnà, British Museum sì fẹ́ ẹ. Ògògà kò tà á fún wọn ní owó. Pàṣípààrọ̀ ni ó gbà: wọ́n ṣe àga ọba kan fún un ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilẹ̀kùn sì di ti London. Ibẹ̀ ni ó wà títí di òní.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ń dun àwọn kan, ó sì yẹ kí ó dùn wá. Ṣùgbọ́n kí a fi òdodo sọ ọ́: kì í ṣe ogun ni a fi kó o bí wọ́n ti kó àwọn ohun ààfin Benin ní ọdún 1897. Ọba wa ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe pàṣípààrọ̀, àga tí ó gbà sì jẹ́ ohun ọlá ní ojú ayé ìgbà náà. Ẹ jẹ́ kí a kàn wọn ohun méjèèjì wò. Bí àga náà bá fọ́, gbẹ́nàgbẹ́nà London lè kan òmíràn lọ́la. Bí ilẹ̀kùn náà bá jóná, kò sí ẹnikẹ́ni ní gbogbo ayé tí ó lè ṣe irú rẹ̀ mọ́. A fi ohun tí ẹnì kan ṣoṣo lè ṣe gba ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè ṣe. Ibi tí pàṣípààrọ̀ náà ti kù díẹ̀ káàtó nìyí, ó sì yẹ kí a máa rántí rẹ̀ nígbàkúùgbà tí ẹnikẹ́ni bá na ohun tí ń dán sí wa.

Ohun kan tilẹ̀ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. A yin iṣẹ́ náà ní Wembley, ṣùgbọ́n orúkọ ẹni tí ó ṣe é kò bá a rìnrìn àjò. Ìyìn dé ọ̀dọ̀ igi, kò dé ọ̀dọ̀ ọwọ́ tí ó gbẹ́ igi. Ní ọdún 1944 ni Philip Allison, tí ó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba nídìí ọ̀ràn igbó, kọ̀wé nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Nigeria. Ní ọdún 1988 ọ̀kan nínú àwọn aya Ọlọ́wẹ̀ tí ó ṣì wà láàyè ki oríkì ọkọ rẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n John Pemberton sì gbà á sílẹ̀. Ó ti tó nǹkan bí àádọ́ta ọdún tí ọkùnrin náà ti kú, ṣùgbọ́n obìnrin náà kò jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ jábọ́ kúrò lẹ́nu. Ní ọdún 1998 a ṣe ìpàtẹ kan fún iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ nìkan ní Washington ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Níbẹ̀ ni ọpọ́n rẹ̀ kan wà, tí ó gbẹ́ orí ènìyàn kan sí abẹ́ rẹ̀ láàárín àwọn tí ó kúnlẹ̀. Orí náà ń yí fàlàlà nínú ibẹ̀, kò sì ṣeé mú jáde, nítorí pé ara igi kan náà ni a ti gbẹ́ gbogbo rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn òpó tí ó gbẹ́ fún ààfin Ìkéré sì wà ní Chicago.

IV. Ẹ̀kọ́ Tí Ó Wà Nínú Rẹ̀

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí a gbé ibùdó àti ilẹ̀kùn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Irin àti òkúta ni ọ̀kan, igi ni èkejì. Ilé-iṣẹ́ ńlá ni ó kọ́ ọ̀kan, ọkùnrin kan láti Ìsẹ̀ ni ó gbẹ́ èkejì. Ẹni tí kò mọ bí ọ̀rọ̀ ti rí yóò wí pé irin ni yóò pẹ́ ju igi lọ. Ẹ sì kíyèsí i pé àwọn méjèèjì ni iṣẹ́ wọn bọ́ lọ́wọ́ wọn: ọkọ̀ kò dúró ní ibùdó náà mọ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò gba ẹnu ilẹ̀kùn náà wọlé mọ́. Kí ni ó wá yà wọ́n? Kì í ṣe agbára ohun tí a fi ṣe wọ́n. Ilẹ̀kùn rí olùtọ́jú, ibùdó kò rí. Ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ bá ti parí, olùtọ́jú nìkan ni ó lè mú un dúró. Bí kò bá sì ní, irin pàápàá yóò di ilẹ̀.

Nítorí náà ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta ni mo ní sí yín.

Èkínní, ẹ jẹ́ kí a tọ́jú ohun tí ó kù sí wa lọ́wọ́. Ní àwọn ààfin wa, ní ilé àwọn ìjòyè, ní ilé àwọn baba wa, òpó àti ilẹ̀kùn àtijọ́ ṣì wà tí ikán ń jẹ, tí òjò sì ń pa. Kí a tó sọ pé kí London dá ti ọwọ́ rẹ̀ padà, ó yẹ kí a lè fi hàn pé èyí tí ó wà lọ́wọ́ wa kò rà.

Èkejì, ẹ jẹ́ kí a máa kọ orúkọ mọ́ iṣẹ́. Ẹni tí ó kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ yín, ẹni tí ó la ọ̀nà oko yín, obìnrin tí ó kọ́kọ́ da ọjà yín sílẹ̀, ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀ kí àwọn tí ó mọ̀ wọ́n tó lọ tán. Aya Ọlọ́wẹ̀ fi ẹnu ṣe tirẹ̀; àwa tí a mọ̀wé kò ní àwáwí.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ rán àwọn ọmọ sí àwọn àgbà. Ẹ ní kí wọ́n béèrè ọ̀nà tí àwọn aláàárù gbà lọ sí Òṣogbo, ibi tí wọ́n ń sùn, ohun tí wọ́n ń rù, àti ibi tí mọ́tò àkọ́kọ́ ti dúró nínú ìlú. Àwọn ibi wọ̀nyí ni ibùdó tiwa. A kò tẹ́ irin sí wọn, nítorí náà kò sí irin kankan tí ẹni ẹ̀yìn yóò rí láti fi mọ̀ wọ́n. Bí a kò bá kọ wọ́n sínú ìwé, kò sí àmì mìíràn.

Òkè Olósùnta àti Òròlé yóò dúró bí wọ́n ti wà, a kò ní láti ṣọ́ wọn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn kì í ṣe òkúta. Ẹni tí ó fẹ́ kí ó wà lọ́la ni yóò dúró tì í lónìí.